Họ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀kì oníafẹ́fẹ́ Tacoma mi tún ti já: ṣé kí n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ sí èyí tó nípọn?

TíṣàÌkọ̀lé (Ọjọ́ Àìkú, 8:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará Èkìtì kete. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí kí n tó fi ìbínú tà á.

Tacoma 2003 ni, tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ẹni tó lò ó lọ́hùn-ún ti yọ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tó bá a wá, ó fi oníafẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí rọ́bà bò lára, tí wọ́n ń pọ́ǹpù bíi táyà. Tí mo bá kó iṣu, màá pọ́ǹpù ú, ìdí ọkọ̀ á gbéra sókè. Tí mo bá já ẹrù tán, màá jò ó díẹ̀. Nǹkan tó dára ni nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Họ́ọ̀sì tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ bá ṣọ́ọ̀kì ni wàhálà mi. Ike dúdú tín-ín-rín ni, kò tóbi ju ike tíńkì inú báírò lọ. Tọ̀tún tòsì pàdé níbi tíì kan (ìsopọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta) lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ńpà, ẹnu kan ṣoṣo la sì fi ń pọ́ǹpù méjèèjì, lábẹ́ nọ́ńbà ọkọ̀.

Láti oṣù kejì tí mo ti rà á, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti já. Ti Ọjọ́bọ̀ ló dùn mí jù. Mo kó igba iṣu láti Ìkọ̀lé, mò ń lọ Adó, mi ò tíì dé Ọ̀yẹ́ tí mo fi gbọ́ "fíìììì" lábẹ́, tí ìdí ọkọ̀ sì wálẹ̀ bíi ràkúnmí tó fẹ́ kúnlẹ̀. Mẹkáníìkì kan lójú ọ̀nà gé ìdí báírò, ó kì í bọ ojú ibi tó já, ó fi gúlúù lẹ̀ ẹ́. Ó gbé mi dé Adó. Kò gbé mi padà.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé kí n pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì náà sí èyí tó nípọn? Níbo lèèyàn ti ń rí i ní Èkìtì níbí? Ẹnìkan tún sọ pé tí họ́ọ̀sì bá ti nípọn, ọkọ̀ á lè gbé ẹrù ju báyìí lọ. Ṣé òótọ́ ni?

DérébàỌ̀mùò (8:31 alẹ́)

Tíṣà, ẹ yọ ìdààmú yẹn kúrò. Láti 1998 ni mo ti ń fi píkọ́ọ̀pù jẹun, kò sí ìkankan tí mo fi afẹ́fẹ́ gbé ìdí rẹ̀. Ẹ ra ewé sípíríǹgì tòkúnbọ̀ méjì, kí àwọn tó ń tún sípíríǹgì ṣe fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Irin kì í jò.

MẹkáníìkìAjílòsùn (9:02 alẹ́)

Irin kì í jò lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n irin kì í yọ ara rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá ṣófo. Tíṣà ń gbé ìyàwó àtọmọ lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tó bá ti jókòó nínú píkọ́ọ̀pù òfìfo tí wọ́n fi ewé kún ìdí rẹ̀ mọ bí ìbàdí ṣe ń rí tó bá délé.

Tíṣà, ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ pé họ́ọ̀sì tó nípọn ń mú kí ọkọ̀ gbé ẹrù sí i, irọ́ ni. Họ́ọ̀sì kọ́ ló ń gbé ẹrù, afẹ́fẹ́ tó há sínú ṣọ́ọ̀kì ni. 60 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ tí géèjì ń kà) tó gba inú ike báírò yín kọjá, 60 psi náà ni tó bá gba inú họ́ọ̀sì tó tó ọmọ-ìka. Ohun tí ẹ máa rí jẹ nínú ìpààrọ̀ ni pé ara èyí tó nípọn le, ó máa tètè kún, ó máa tètè jò nígbà tí ẹ bá fẹ́ jò ó, àti pé ẹ lè rí ọmọ rẹ̀ rà nínú ọjà wa. Ti ìkẹyìn yìí ló mú kí n fọwọ́ sí i. Ike tín-ín-rín tó bá ṣọ́ọ̀kì yẹn wá, tí ìsopọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́, inú páálí tuntun láti òkè òkun nìkan lẹ ti máa rí òmíràn.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó náwó, ẹ wá ohun tó ń já a. Họ́ọ̀sì kì í ṣàdédé já. Nínú gbogbo èyí tí mo ti tú, ọ̀kan nínú mẹ́ta ni: ó sún mọ́ sàlẹ́ńsà, ó ń ha ara ṣáàsì níbi tí irin ti mú, tàbí ó kúrú débi pé bí táyà bá ti bọ́ sí kòtò ló ń fà á. Tí ẹ bá fi èyí tó nípọn gba ojú ọ̀nà kan náà, kàkà kó já lóṣù méjì, á já lóṣù mẹ́rin.

Ẹ da omi ọṣẹ sí ara rọ́bà ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá ń hó níbẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ti kú nìyẹn, kò sí họ́ọ̀sì tó lè jí i. Ẹ má sì fi í rìn láìsí afẹ́fẹ́ rárá bí ẹ ṣe rìn lọ́jọ́ náà. Rọ́bà yẹn máa ń ká wọnú ara rẹ̀, á sì fi ara gé ara. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń béèrè 20 sí 25 psi kódà nígbà tí ẹrù ò bá sí lẹ́yìn, wọn ò sì gbọ́dọ̀ kọjá 150.

Pọ́lọ́ńbàBasírì (9:20 alẹ́)

Kí ló wá le níbẹ̀? Ike funfun tí wọ́n ń lò lára ẹ̀rọ pọ́ọ̀ wọ́tà, ìdá kan nínú mẹ́rin inṣi. Ìsopọ̀ rẹ̀ ò gba sípánà, ẹ kàn máa tì í wọlé ni, á há. Owó rẹ̀ ò tó ti iṣu mẹ́ta. Mo ṣe é fún ọ̀rẹ́ mi kan, kò tíì jò.

MẹkáníìkìAjílòsùn (9:24 alẹ́)

Ìgbà wo lẹ ṣe é?

Pọ́lọ́ńbàBasírì (9:41 alẹ́)

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

BàbáMáàkì (Ọjọ́ Ajé, 6:05 àárọ̀)

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ kú àárọ̀. Mo wa tírélà fún ọdún 31 kí n tó wá jókòó sílé ní Ìkẹ̀rẹ́ níbí, tí mò ń wo òkè Olósùnta láràárọ̀. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ inú họ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Pọ́lọ́ńbà, mi ò bá ọ jà, ṣùgbọ́n ike yẹn, omi tútù inú ilé ni wọ́n ṣe é fún. Gbé e sábẹ́ ọkọ̀ tí ooru sàlẹ́ńsà ń fẹ́ sí i, tí òkúta ń ta lù ú, tí ọkọ̀ ń gbọ̀n láti Ìkọ̀lé dé Adó. Bí ike yẹn bá ti gbóná, ó ń rọ̀, agbára tó fi ń mú afẹ́fẹ́ dúró á sì dín kù. Ìsopọ̀ oníke rẹ̀ náà, ìgbọ̀nrìrì á tú u. Ọ̀rẹ́ rẹ ò tíì kó ẹrù gidi ni.

Tíṣà, họ́ọ̀sì búréèkì tírélà ni kí ẹ wá. Náílọ́ọ̀nù ni, afẹ́fẹ́ gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ SAE J844 sí i lára, lẹ́tà wẹ́wẹ́, gbogbo ìwọ̀n ẹsẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń tún un kọ. Àwọn tó ń ta pààtì tírélà ní í. Tí ẹ ò bá rí i ní Adó, Àkúrẹ́ ò jìnnà. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta pààtì ọkọ̀ kéékèèké, wọ́n á kàn máa wò yín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú nìyí. Tírélà Máàkì, Amẹ́ríkà ló ti wá, inṣi ni wọ́n fi ń wọn họ́ọ̀sì rẹ̀. DAF àti MAN, Yúróòpù ni, mílímítà ni tiwọn. Ìdá kan nínú mẹ́rin inṣi jẹ́ mílímítà 6.35. Èyí tó ń jẹ́ 6 jẹ́ 6. Tí ẹ bá gbé méjèèjì sọ́wọ́, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀. Ojú ò rí i, afẹ́fẹ́ rí i. Họ́ọ̀sì 6 á wọ inú ìsopọ̀ onínṣi wẹ́rẹ́, á tilẹ̀ dà bíi pé ó há, tó bá wá di òru ó ti jò tán. Ọmọ tó ń ta á lè má mọ̀. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni kí ẹ ti ra họ́ọ̀sì àti ìsopọ̀, kí ẹ tì í wọlé lójú rẹ̀, kí ẹ fà á wò kí ẹ tó sanwó.

Tó bá jẹ́ ìsopọ̀ onínọ́ọ̀tì ni wọ́n fún yín, èyí tó ní òrùka idẹ tó ń fún họ́ọ̀sì lọ́rùn, ọmọ idẹ kékeré kan tún wà tó ń wọ inú ihò họ́ọ̀sì. Ẹ béèrè fún un. Òun ni kì í jẹ́ kí náílọ́ọ̀nù rún wọlé nígbà tí ẹ bá ń fún nọ́ọ̀tì. Mo ti rí mẹkáníìkì tó dà á nù, tó ní àṣẹ́kù ni.

ÌyáAlọ́gẹ̀dẹ̀Ẹmùré (7:48 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀, bàbá, ẹ kú làákàyè. Tíṣà wa, gbogbo ohun tí wọ́n sọ dára, àmọ́ kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan tíì yẹn. Tíì yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ.

Mo máa ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ẹmùré. Ti ọkọ̀ mi náà rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan, ẹnu kan fún ṣọ́ọ̀kì méjì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gba Ìtáwùrẹ́ gun òkè lọ Ẹ̀fọ̀n pẹ̀lú ẹrù, mo rò pé mo ti kú. Tí ọ̀nà bá yà sí ọ̀tún, ẹrù á tẹ̀ sí òsì, àbí? Ṣọ́ọ̀kì òsì á wá fi agbára ti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gba inú tíì lọ bá ti ọ̀tún. Ìhà tó yẹ kó gbé ọkọ̀ dúró ló ń rọ̀ sílẹ̀, ìhà tí kò nílò ìrànlọ́wọ́ ló ń ga sí i. Kọ́nà ibẹ̀ gùn, ọ̀kan ò tíì tán tí òmíràn fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ o: ike báírò yín yẹn, nítorí pé ihò rẹ̀ kéré, afẹ́fẹ́ ò lè tètè sáré gbà á kọjá. Tí ẹ bá fi họ́ọ̀sì tó nípọn rọ́pò rẹ̀, tí ẹ wá fi tíì sílẹ̀, ẹ ti la títì fún un nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ṣọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan ní họ́ọ̀sì tirẹ̀ àti ẹnu tirẹ̀. Ọkọ mi ní mò ń ṣe àṣejù, títí òun fúnra rẹ̀ fi wa ọkọ̀ náà lọ Ẹ̀fọ̀n.

MẹkáníìkìAjílòsùn (8:30 àárọ̀)

Màámi, òótọ́ lẹ sọ, mo gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un: ẹni tó bá ní ẹnu méjì gbọ́dọ̀ máa fi géèjì wọn méjèèjì, kì í ṣe kó pọ́ǹpù ọ̀kan kó fi ojú díwọ̀n èkejì. Mo ti rí ọkọ̀ tí ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ 80, tí èkejì jẹ́ 45, tí onítọ̀hún ń bínú pé ṣáàsì òun ti wọ́.

DérébàỌ̀mùò (8:52 àárọ̀)

Géèjì, omi ọṣẹ, inṣi, mílímítà. Ewé sípíríǹgì ń rẹ́rìn-ín yín.

TíṣàÌkọ̀lé (6:40 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti ilé-ìwé dé, mo wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti korobá omi ọṣẹ. Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí.

Ní òsì, wọ́n fi wáyà so họ́ọ̀sì mọ́ páìpù búréèkì, ó wá gba ẹ̀gbẹ́ sàlẹ́ńsà kọjá. Àlàfo àárín wọn kò ju ìka mẹ́ta lọ. Ojú ibẹ̀ ń dán, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí àmàlà tí wọ́n fi ìka tẹ̀. Níbi tíì, omi ọṣẹ ń yọ hóró kéékèèké bí ojú ẹja, kò sì dáwọ́ dúró. Ara rọ́bà ṣọ́ọ̀kì kò hó rárá, mo dúpẹ́.

Ti ọ̀tún ló yà mí lẹ́nu. Kò sí sàlẹ́ńsà níbẹ̀, kò ha irin. Mo fi ọwọ́ pa á, mo rí ojú eyín, méjì-méjì, wẹ́wẹ́. Ẹ̀gbẹ́ abà iṣu ni mò ń gbé ọkọ̀ sí lálẹ́.

ỌmọÌjerò (6:58 ìrọ̀lẹ́)

Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kó iṣu wọn lọ Adó. Àwọn eku náà ní ẹ ò ní dé ibẹ̀.

TíṣàÌkọ̀lé (7:03 alẹ́)

😂 Mo ti gbé ọkọ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe é gan-an? Mo fẹ́ dúró ti ẹni tó máa ṣe é.

MẹkáníìkìAjílòsùn (9:15 alẹ́)

Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ dúró tì í. Ẹ jò gbogbo afẹ́fẹ́ jáde kí ẹnikẹ́ni tó tú nọ́ọ̀tì kankan. Kí ẹ sì gbé ọkọ̀ lé orí ìdúró irin, kì í ṣe jáàkì nìkan.

Ẹ má ṣe wọn gígùn họ́ọ̀sì nígbà tí táyà wà nílẹ̀. Àṣìṣe tí mo ṣe nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn, ọ̀gá mi sì fi ṣẹ̀sín fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ká sókè, họ́ọ̀sì á dà bíi pé ó gùn tó. Lọ́jọ́ tí táyà bá bọ́ sí kòtò jíjìn, ṣọ́ọ̀kì á na tán, á sì já họ́ọ̀sì gbà. Ẹ gbé ṣáàsì sókè kí táyà méjèèjì máa rọ̀ dirodiro, ẹ wọn ọ́n nígbà yẹn, kí ẹ tún fi díẹ̀ lé e bí ìlà onígun tí ejò ń yà.

Bíléèdì tuntun ni kí wọ́n fi gé e, kó gún régé. Kì í ṣe ẹnu páláyà, tó máa fún un pọ̀, tí ojú rẹ̀ á rí bí ẹnu ẹja. Tó bá jẹ́ ìsopọ̀ tí wọ́n ń tì wọlé, ẹ fi báírò fàlà sára họ́ọ̀sì níbi tó yẹ kó wọ̀ dé. Ọ̀pọ̀ èèyàn á tì í, á dúró níbi rọ́bà àkọ́kọ́, wọ́n á rò pé ó ti parí. Ó kù díẹ̀. Ẹ tún tì í, ẹ máa gbọ́ ọ lọ́wọ́ pé ó ti dé ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fà á padà dáadáa.

Tẹ́ẹ̀pù funfun ti pọ́lọ́ńbà, ojú ẹní (ìlà yíyípo ara ìsopọ̀) tó ń wọ inú irin nìkan ni kí ẹ fi wé, kí ẹ sì fi ẹní àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ìhòòhò, kí ègé tẹ́ẹ̀pù má bàa wọnú lọ há sẹ́nu fáàfù. Ibi tí òrùka idẹ ti ń fún họ́ọ̀sì ò fẹ́ tẹ́ẹ̀pù rárá.

Nípa ẹnu ṣọ́ọ̀kì: ẹní ibẹ̀ yàtọ̀, òrùka rọ́bà wẹ́wẹ́ ló ń dí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipá ki idẹ mìíràn bọ̀ ọ́. Ẹ fi ike tín-ín-rín rẹ̀ tó ṣì dára sílẹ̀ bíi ìbú ọwọ́ méjì, kí ẹ wá fi ìsopọ̀ tó ní ẹnu kékeré lápá kan, ńlá lápá kejì, so ó mọ́ họ́ọ̀sì tuntun. Ẹ de ìsopọ̀ yẹn mọ́ ara nǹkan tí kì í mì, kó má máa jó.

Ojú ọ̀nà tó máa gbà: ẹ kó o sínú ṣáàsì, kó jìnnà sí sàlẹ́ńsà tó sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán. Gbogbo ibi tó bá ti fẹ́ kan irin, ẹ la họ́ọ̀sì epo àlòkù, ẹ fi bò ó. Ẹ má so ó mọ́ páìpù búréèkì mọ́ o. Ẹ má fi wáyà so ó, okùn rọ́bà tí àwọn oníwáyà iná ń lò ni, kẹ́ ẹ má sì fún un pa.

Ẹ̀fọ̀nAláayè (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:50 àárọ̀)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Ìyá Alọ́gẹ̀dẹ̀ ti dárúkọ òkè wa, torí náà mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.

Tíṣà, ẹ tún wọ abẹ́ ọkọ̀ yín, ẹ wò ó bóyá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó so áàsù ẹ̀yìn mọ́ fáàfù kan lára ṣáàsì, tí páìpù búréèkì wọ inú rẹ̀. Hilux mi ní in. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ìgbà tí ẹrù wà lẹ́yìn. Tí ẹrù bá ti tẹ ìdí ọkọ̀ wálẹ̀, irin yẹn á yí fáàfù, búréèkì ẹ̀yìn á wá gba agbára púpọ̀. Tó bá ṣófo, á dín in kù, kí táyà ẹ̀yìn má bàa há kó máa yọ̀.

Ẹ wá rò ó wò. Ẹ kó igba iṣu, ẹ fi afẹ́fẹ́ gbé ìdí ọkọ̀ sókè títí ó fi tẹ́jú bí ìgbà tí kò sí nǹkan lẹ́yìn. Fáàfù yẹn ò ka iṣu, gíga ìdí ọkọ̀ ló ń wò. Á ní ọkọ̀ ṣófo, á sì jẹ́ kí búréèkì iwájú dá iṣẹ́ ṣe. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mò ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n. Mo tẹ búréèkì títí mo fi ń gbọ́ òórùn jíjó láti iwájú, ẹ̀yìn kàn ń tì mí lọ ni. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gbé ìdí ọkọ̀ dé òkè pátápátá mọ́. Mo máa ń fi í sílẹ̀ kó rẹlẹ̀ díẹ̀ bí ẹrù bá wà.

MẹkáníìkìAjílòsùn (7:10 àárọ̀)

Ẹ ṣé é gan-an. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà de irin yẹn sókè tàbí kó tẹ̀ ẹ́ nítorí èyí. Géèjì búréèkì ni wọ́n fi ń tún un ṣe.

DérébàỌ̀mùò (7:33 àárọ̀)

Ẹ wò ó, mo fẹ́ béèrè ìbéèrè kan, ẹ má bínú. Igba iṣu yẹn, ẹ ti gbé e lórí ìwọ̀n rí?

TíṣàÌkọ̀lé (4:26 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín ò jẹ́ kí n gbádùn kíláàsì. Mo gbé iṣu mẹ́wàá sórí ìwọ̀n aládùúgbò mi tó ń ta ìrẹsì: kílò 41. Igba wá jẹ́ 820. Mi ò tíì ka ara mi àti ọmọ tó ń bá mi já ẹrù.

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti oṣù kejì, mo rò pé ara sípíríǹgì ni.

MẹkáníìkìAjílòsùn (5:02 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dérébà, ẹ wo sítíkà tó wà létí ibẹ̀. Nọ́ńbà tó wà níwájú GVWR ni àpapọ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, epo, èrò àti ẹrù. Pọ́ùn ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ fi 2.2 pín in kó di kílò. Afẹ́fẹ́ ò fi nǹkan kan kún nọ́ńbà yẹn, ewé sípíríǹgì náà ò fi kún un, ẹ̀gbọ́n Ọ̀mùò. Áàsù, búréèkì àti táyà ò mọ̀ pé ẹ ti fi nǹkan kún ìdí ọkọ̀.

Nǹkan mìíràn tún ni pé irin tí wọ́n fi de ṣọ́ọ̀kì mọ́ ṣáàsì, ijó ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n ṣe é láti mú dúró. Kì í ṣe irin agbẹ́rù. Tí ẹ bá pọ́ǹpù ṣọ́ọ̀kì dé 120 láti gbé iṣu, orí irin yẹn ni gbogbo rẹ̀ ń wá. Mo ti jó mẹ́ta padà mọ́ ṣáàsì fún àwọn oníbàárà mi. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti sán.

DérébàỌ̀mùò (5:15 ìrọ̀lẹ́)

Níbi yìí, mo gbà fún mẹkáníìkì. Ìlọ méjì, Tíṣà. Iṣu kì í bàjẹ́ láàárín ọjọ́ méjì.

TíṣàÌkọ̀lé (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, 7:20 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti ṣe é.

Àkúrẹ́ ni mo ti rí họ́ọ̀sì náà, lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta pààtì tírélà. Mo béèrè inṣi, ọmọkùnrin náà gbé 6 wá, ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo rántí Bàbá Máàkì. Mo ní kó gbé ìsopọ̀ wá ká tì í wò, ó wọlé, mo fà á, ó yọ. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó padà lọ sínú ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé èyí tí wọ́n kọ J844 sí lára jáde. Mítà mẹ́jọ ni mo rà.

Tíì ti lọ, ẹnu méjì ló wà lábẹ́ bọ́ńpà báyìí. Ọ̀nà tuntun ló gbà nínú ṣáàsì, a fi họ́ọ̀sì epo bò ó ní ibi mẹ́rin. Irin ìdí ṣọ́ọ̀kì ti òsì ti sán bí irun lóòótọ́, wọ́n ti jó o. Iṣu 120 ni mò ń kó báyìí, ní 60 psi, ìdí ọkọ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ bí Ẹ̀fọ̀nAláayè ṣe wí.

Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ó ṣì ń jò! Mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀, 60. Mo tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oúnjẹ, 56. Kí n tó dé inú ilé padà, mo ní kí n tún wò ó, 52. Mo sì da omi ọṣẹ sí gbogbo rẹ̀, kò hó níbì kankan.

BàbáMáàkì (7:44 alẹ́)

Tíṣà, ẹ̀yin lẹ̀ ń jò ó. Táyà ní ikùn ńlá, ṣọ́ọ̀kì yẹn ò ní ikùn. "Ṣíì" tí ẹ ń gbọ́ nígbà tí ẹ bá ń fi géèjì kàn án, nínú táyà kò tó nǹkan. Nínú ṣọ́ọ̀kì, psi mẹ́ta sí mẹ́rin ni. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, ẹ fi ohun tí ẹ mọ̀ pé géèjì á jẹ kún un, kí ẹ fi í sílẹ̀. Tí oòrùn bá sì pa á, ó lè fi bíi mẹ́ta lé e, ẹ má jò ó tìtorí ìyẹn.

ÌyáAlọ́gẹ̀dẹ̀Ẹmùré (8:01 alẹ́)

Ẹ kìlọ̀ fún fókánáísà yín pẹ̀lú. Ẹ̀rọ wọn lágbára, àárín ìṣẹ́jú àáyá méjì ó ti kọjá ibi tí ẹ fẹ́. Ẹ ní kó fọwọ́ kàn án kó gbé e kúrò, ká tún wò ó. Kó sì kọ́kọ́ da omi inú tánkì rẹ̀ nù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ inú ṣọ́ọ̀kì yín lomi yẹn ń lọ.

TíṣàÌkọ̀lé (Ọjọ́ Ajé, 6:12 àárọ̀)

Bàbá, òótọ́ ni. Mi ò fọwọ́ kàn án láti alẹ́ Àbámẹ́ta. Òsì 60 láàárọ̀ yìí. Ọ̀tún 55. Mo da itọ́ sí ẹnu fáàfù ọ̀tún, ó yọ hóró kan, ó bẹ́, ó tún yọ òmíràn.

BàbáMáàkì (6:20 àárọ̀)

Pín inú fáàfù ni. Pín táyà lásán ló ń lò, fókánáísà á yí i jáde fún yín. Ẹ wò ó bóyá ègé tẹ́ẹ̀pù funfun wà lẹ́nu rẹ̀.

TíṣàÌkọ̀lé (7:05 àárọ̀)

Ó wà níbẹ̀. Ègé kékeré báyìí, bí èékánná ọmọ tuntun.

DérébàỌ̀mùò (7:31 àárọ̀)

Tíṣà, mítà mélòó ló ṣẹ́ kù nínú mẹ́jọ yẹn? Kì í ṣe fún ọkọ̀ mi o.